Ẹni Tó Há Mọ́lé l'Óṣogbo, Síríìsì Wo Ni Kó Wò?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni dókítà dá fún mi. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Maruwa ní oríta Ọláìyà ni ẹsẹ̀ mi yẹ̀ sí etí gọ́tà, ọrùn ẹsẹ̀ sì sán. Wọ́n fi POP dì í, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, oorun ni mo fi ṣe. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti ka gbogbo ìlà tó wà lára sílíìnì pálọ̀ wa tán. Lọ́jọ́ karùn-ún ni mo ní kí wọ́n yí tẹlifíṣọ̀n kọjú sí mi.

Lójú ẹni tí ara rẹ̀ le, ohun tó rọrùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n pálọ̀ kan náà ni màmá mi, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Ọmọ mi obìnrin, ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń fi etí kan gbọ́ fóònù, ó ń fi ìkejì gbọ́ tiwa. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọlọ́dún mẹ́sàn-án, kò sí ohun tí kì í béèrè. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn a wo síríìsì méje, a pa méjì tì lójú ọ̀nà, ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyàwó mi. Láti ìgbà tí mo ti ń rìn, àwọn èèyàn ń bi mí pé èwo ló dára jù nínú wọn. Mi ò lè dá wọn lóhùn láìkọ́kọ́ bi wọ́n pé: ta ni ẹ jọ wà nílé, iná yín ńkọ́?

Ohun tí a fi wọ̀n wọ́n

Iná ló ṣíwájú. Ìtàn ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n ìtàn tó dùn jù láyé, bí iná bá lọ nígbà tí ọ̀tá ń yọ idà, ìbínú ló máa fi sílẹ̀ fún yín. Ilé tó bá wà ní Band A, tí wọ́n kọ ọ́ pé kí ó rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, lè wo ohun tó bá wù ú. Àdúgbò tiwa kò sí níbẹ̀. Àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń tàn nígbà ọdún Ọ̀ṣun nìkan ni iná tí mo mọ̀ nílùú yìí tí ọkàn mi balẹ̀ pé kò ní kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó jẹ́ íǹṣì 32 kì í sábà jẹ ju nǹkan bí wáàtì 50 lọ. Bí ẹ bá fi dẹ̀kódà kún un, ẹ pè é ní 65. Bátìrì ínfátà kan ṣoṣo, 12V, 100Ah, bí ẹ ò bá fẹ́ kó tètè bàjẹ́, ìdajì agbára rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ìyẹn á gbé tẹlifíṣọ̀n àti dẹ̀kódà fún bíi wákàtí mẹ́fà sí méje, bí ẹnikẹ́ni ò bá lọ ki fáànù bọ̀ ọ́. Nílé wa, ẹnìkan máa ń ki fáànù bọ̀ ọ́.

Dátà ló tẹ̀lé iná. Lórí Netflix, ipele tó kéré jù ń jẹ nǹkan bí GB 0.3 ní wákàtí kan, ipele àárín ń jẹ 0.7, HD sì lè jẹ tó GB 3. Nínú ètò fóònù, ibì kan wà tí ẹ ti lè yàn kó máa ṣọ́ dátà lò. GB kan á wá tó yín wò fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀: síríìsì alápá mẹ́fà, tí apá kọ̀ọ̀kan súnmọ́ wákàtí kan, kò ju GB kan ó lé díẹ̀ lọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ó lè gbé GB 18 mì lórí tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó tún máa ń ká èèyàn lára: owó Netflix tó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní Mobile, fóònù tàbí tábílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà fún. Mo rí ẹni tó san án tán tó wá ń wá okùn tí yóò fi so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n káàkiri. Kò ní ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé màmá àti àwọn ọmọ náà fẹ́ wò, ẹ san èyí tó wà lókè rẹ̀, tàbí kí ẹ gbàgbé Netflix kí ẹ lọ sórí YouTube, níbi tí ipele àwòrán 360p kì í ti jẹ tó ìdajì GB ní wákàtí kan.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Màmá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ojú wọn kò sì lè máa sáré tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ àwòrán. Bí eré bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnìkan ní láti máa ṣe ògbufọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú POP ni iṣẹ́ náà sì máa ń já lé lórí. Lẹ́yìn èdè, ẹ wo ẹni tó wà nínú yàrá: ọmọdé ń bẹ, àgbà ń bẹ, àna sì lè yà kí yín nígbàkigbà. Gígùn ni mo fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Ẹni tó há mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta kò nílò ohun tí ẹni tó há mọ́lé fún oṣù mẹ́ta nílò.

Aníkúlápó: Rise of the Spectre

Kunle Afolayan ló ṣe é. Fíìmù rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde lórí Netflix, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2022. Síríìsì alápá mẹ́fà wá tẹ̀lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2024. Bí ẹ ò bá tíì wo fíìmù náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ síríìsì. Àwa kánjú, a bẹ̀rẹ̀ síríìsì tààrà, màmá mi sì fi gbogbo apá kìíní béèrè pé: "Ta ni Arólákẹ́? Kí ni wọ́n tilẹ̀ ṣe fún un tó fi ń bínú báyìí?" A dá a dúró, a padà lọ wo fíìmù, a tún wá bẹ̀rẹ̀.

Nínú fíìmù ni Saro, ahunṣọ tó wọ ìlú Ọ̀yọ́ wá wá oúnjẹ òòjọ́, ti lọ ń yan Arólákẹ́, olorì kékeré ọba, lálè. Wọ́n pa á. Ẹyẹ àkàlà jí i dìde, igbá tí ẹyẹ náà fi ń jí òkú sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Nínú síríìsì ni gbèsè yẹn ti ń padà wá bá a. Kunle Remi ló ṣe Saro, Bimbo Ademoye ló ṣe Arólákẹ́, Sola Sobowale ló ṣe Awarun. Ìlú tí wọ́n kọ́ fún eré náà ní Ìgbójàyè, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, dà bí ibi tí èèyàn ń gbé lóòótọ́. Wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri, ewéko sì wà lórí ilé. Kò jọ àwọn ààfin onípéńtì wúrà tí a ń rí nínú fíìmù mìíràn, níbi tí kábíyèsí ń jókòó sórí kúṣìn aláwọ̀.

Lórí èdè, mo fún un ní máàkì tó ga. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ẹnu wọn sì gbà á. Màmá mi kò nílò mi rárá. Aṣọ ara àwọn òṣèré ni wọ́n gbájú mọ́. Ìlú aró ni Òṣogbo, màmá mi sì ti rẹ aṣọ nínú ìkòkò aró láti kékeré. Kò sí àdìrẹ kan tó kọjá lójú wọn tí wọn ò sọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì fi kún un bóyá aró tòótọ́ ni tàbí ti inú ike. Apá kan wà tí a dá dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá nítorí pé wọ́n ń ṣàlàyé àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún ọmọ mi obìnrin. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó gbé fóònù sílẹ̀ láìjẹ́ pé bátìrì rẹ̀ kú.

Àléébù rẹ̀ méjì ni. Òkùnkùn pọ̀ nínú rẹ̀: bí ẹ bá ń wò ó lórí fóònù lọ́sàn-án gangan, ojú ara yín ni ẹ máa rí nínú gíláàsì. Ìkejì, ọ̀rọ̀ orí ibùsùn wà nínú fíìmù àti síríìsì náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rán ọmọ mi ọkùnrin lọ ra iyọ̀. Iyọ̀ ò tíì tán nílé wa títí di òní.

Seven Doors

Netflix náà ni, alápá mẹ́fà lòun náà, ọjọ́ 13 oṣù kejìlá 2024 ló jáde. Femi Adebayo ni ọba tó jẹ́ èèyàn dáadáa, tí èpè àtìrandíran wá fipá mú pé kó máa fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó rẹ̀ ọ̀wọ́n. Chioma Chukwuka Akpotha ni ìyàwó náà, ọmọ Ìgbò tó fẹ́ ọkọ Yorùbá. Àwọn méjèèjì ló gba àmì ẹ̀yẹ òṣèré tó mókè jù, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, níbi AMVCA ọdún 2025, mo sì rò pé wọn ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìgbà tí obìnrin yẹn bá dákẹ́ gan-an ni ẹ̀rù ń bà mí.

Èyí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. Ìyàwó mi dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó yí ojú sí mi: "Ká ní ẹ̀yin ni ọba, ṣé ẹ máa gbà?" Mo ní ọ̀rọ̀ ìlú ni, ẹ̀mí àwọn ará ìlú wà nínú rẹ̀. Ìdáhùn tó burú jù tí ẹni tí kò lè dìde sálọ lè fún ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Màmá mi, tí kò yẹ kí wọ́n dá sí i, ní bàbá mi náà sọ báyìí nígbà kan. Títí tí ìyàwó mi fi rán bùbá mẹ́ta tán, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

Fún tọkọtaya tó há mọ́lé, tí ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wọn, òun ni kí ẹ mú. Yorùbá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì ló dà pọ̀ nínú rẹ̀. Ògbufọ̀ á ṣiṣẹ́ díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Ẹ̀rù àti ikú wà níbẹ̀ o, kí àwọn ọmọdé lọ sùn.

King of Boys: The Return of the King

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Alápá méje, iṣẹ́ Kemi Adetiba, Netflix gbé e jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 2021. Fíìmù ọdún 2018 ló ṣáájú rẹ̀, ẹ sì ní láti kọ́kọ́ wo ìyẹn pẹ̀lú. Sola Sobowale ni Ẹniọlá Salami, obìnrin tó dé láti ìgbèkùn tó sì ní gómìnà Èkó lòun fẹ́ ṣe. Kò sí ẹni tó lè bínú lójú àwòrán bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ìbọn pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà pọ̀. Lẹ́yìn apá kejì, màmá mi ní àwọn ò fẹ́ kí ìwà ìkà máa wọlé sínú ilé tí aláìsàn wà. Bí a ṣe pa á tì nìyẹn. Mo dá parí tèmi lórí fóònù lóru pẹ̀lú ohun ìgbọ́rọ̀ létí, mo sì gbádùn rẹ̀ dọ́ba. Eré ẹni tó dá wà ni.

Wura

Èyí ni mo rò pé gbogbo ará Ọ̀ṣun yẹ kí ó tiẹ̀ tọ́ wò. Showmax ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2023. Ara síríìsì South Africa kan tó ń jẹ́ The River ni wọ́n ti yọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìtàn náà wá sí Ìpẹ̀rìndó, ìlú tó wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, téèyàn bá gba Iléṣà kọjá. Wúrà wà nínú ilẹ̀ agbègbè yẹn lóòótọ́, kì í ṣe pé àwọn òǹkọ̀wé kàn dá a sílẹ̀. Scarlet Gomez ni Wúrà Amoo-Adeleke, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń wa wúrà, ìyàwó tó gbọ́n, ìyá tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ, apààyàn tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà á gbádùn pé ibi tí òun mọ̀ ni wọ́n ń dárúkọ. Ọmọ mi obìnrin ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n lè ṣe eré olówó ńlá lórí ibi tí a lè wọ mọ́tò lọ kí a sì padà dé kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju eré fúnra rẹ̀ lọ. Nílùú wa níbí ni Dúró Ládipọ̀, àgbà òṣèré orí ìtàgé, ti dá Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962, òun náà ló sì ṣe Bode Wasinmi fún tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn. Ọmọ Òṣogbo kò yẹ kó máa ya lẹ́nu pé ìtàn lè ti ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ jáde. Ó ń yà wọ́n lẹ́nu, ẹ̀bi àwa tí a bí wọn sì ni.

Kí ló dé tí a wá pa á tì? Gígùn. Eré tó ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀, oṣù dé oṣù, ni. Apá rẹ̀ kò lóǹkà lójú ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí. Aáwọ̀ tó yẹ kó parí láàárín apá mẹ́ta lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, Yorùbá kàn ń yọjú bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kọkànlá ohùn mi ti há nídìí ògbufọ̀. Bí ẹ bá ní oṣù mẹ́ta nílé, tí gbogbo yín sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbé e. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ó wà báyìí kí ẹ tó san owó, nítorí irú eré báyìí máa ń kó láti ibì kan lọ sí ibòmíràn.

Jenifa's Diary

Kò sí iná fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Jenifa ló gbà wá sílẹ̀.

Ẹ mọ ìtàn rẹ̀: Suliat, ọmọ Aiyetoro, tó wọ̀lú tó sọ ara rẹ̀ di Jenifa, tó sì ń fọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń fọ́ igi ìdáná. Inú fíìmù Funke Akindele ti ọdún 2008 ló ti jáde wá kó tó di síríìsì. Apá kọ̀ọ̀kan kì í sábà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun tó mú kí n fi í sípò gíga nìyẹn, ju ẹ̀rín lọ. Bí fóònù bá ku bátìrì díẹ̀, ẹ lè rí ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó kú. Bí ẹ bá fo apá mẹ́ta, ẹ ò ní sọnù. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti wà lórí YouTube, owó dátà nìkan ni ẹ máa san.

Gẹ̀ẹ́sì Jenifa sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí màmá mi gbọ́! Ohùn Yorùbá ló wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà kí n tó túmọ̀, wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ọkùnrin béèrè bóyá Ayétòrò ti ẹ̀yìn ilé wa níbí ni Jenifa ti wá. Mo ní rárá, kò gbà. Ó ní òun ti rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àwàdà àgbà wà nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fetí sílẹ̀ bí ọmọ kékeré bá wà.

Saamu Alájọ

Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá pọ́ńbélé ni ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín sí, láìsan kọ́bọ̀ yàtọ̀ sí dátà, Odunlade Adekola nínú Saamu Alájọ ń bẹ lórí YouTube. Ìtàn rẹ̀ kò jinlẹ̀, kò sì pe ara rẹ̀ ní ohun tó jinlẹ̀. Ìpolówó tó ń já wọ àárín rẹ̀ ló ń bí mi nínú. Ẹni tó ní ọgbẹ́ ìhà tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ inú fún, kó ní sùúrù kí ó tó wò ó, ẹ̀rín á fa okùn tí wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́ ya.

Zee World

Èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Láti 2015 ni ìkànnì yìí ti ń gbé eré Íńdíà tí wọ́n ti yí ohùn rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì wá sílẹ̀ wa. Twist of Fate ni ti màmá mi. Ní Íńdíà, Kumkum Bhagya ni orúkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, apá rẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè délẹ̀. Màmá mi, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ló wá ń ṣe ògbufọ̀ fún mi.

"Ìyẹn tó wọ pupa, ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Kò fẹ́ ẹ. Ẹ wò ó, ó ti fẹ́ purọ́." Ó sì purọ́ lóòótọ́.

Mo wá rí i pé ìlànà tí mo gbé kalẹ̀ lórí èdè kò tó. Eré tí ojú ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, tí orin ń sọ fún yín pé ìkà ti wọlé, tí kámẹ́rà ń lọ ká ojú ènìyàn mẹ́fà kí ẹnìkan tó dáhùn, kò nílò èdè. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú kò ṣàjèjì: ìyá ọkọ, orogún, ọmọ tó sọnù, ogún bàbá, àṣírí ìwé ilẹ̀. Àgbà tó ti gbé agbo ilé rí ti rí gbogbo rẹ̀ kó tó ra tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ìran tó máa mú yín rán ọmọ lọ ra iyọ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé dẹ̀kódà ló ń gbé e wá, ní aago tí wọ́n dá fún un. Ẹ máa san owó oṣooṣù, bí iná bá sì lọ ní aago yẹn, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún gbé e jáde. Bí ó bá jẹ́ àwo orí òrùlé ni ẹ ń lò, òjò ńlá á fọ́ àwòrán náà yángá. Nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje, tí òjò Òṣogbo kì í kìlọ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ìtùnú kan wà níbẹ̀: bí ẹ bá pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa bá wọn lórí ìjókòó kan náà ni.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ìyá tàbí bàbá àgbà bá wà nílé, tí iná yín sì ṣe déédéé tàbí tí ẹ ní ínfátà, ẹ jẹ́ kí Zee World jẹ́ tiwọn ní wákàtí tiwọn, kí ẹ sì fi fíìmù Aníkúlápó àti síríìsì rẹ̀ ṣe ti ìdílé lálẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé bá ti sùn. Ẹ fi dátà òru gbé e sórí fóònù sílẹ̀ bí iná kò bá dájú. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó parí apá tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, àkókò wà fún ohun tí a bá gbà sílẹ̀ lórí Netflix, ó sì ń parẹ́.

Ilé tí iná rẹ̀ jẹ́ ti Ọlọ́run, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ọmọdé àti àgbà jọ wà níbẹ̀: Jenifa's Diary, kí Saamu Alájọ tẹ̀lé e. Mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ra báńkì agbára (power bank) fún fóònù kí ẹ tó ra jẹnẹrétọ̀ nítorí síríìsì. Owó bẹntiróòlù ọjọ́ mẹ́ta kò kéré.

Tọkọtaya tí kò ní ọmọ nílé, tàbí tí àwọn ọmọ ti wọ iléèwé gíga, kí wọ́n mú Seven Doors; òpin ọ̀sẹ̀ kan tó o. Ẹ jẹun tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó dá wà, tó ń gbé yàrá kan ní Òkè-Fìà tàbí Alekuwodo, tí kò sí ẹni tó máa bi í ní ìbéèrè: King of Boys, fíìmù kọ́kọ́, síríìsì tẹ̀lé e. Aboyún tí dókítà ní kó sinmi títí yóò fi bí, ẹni tí ìṣẹ́ abẹ máa dá jókòó fún oṣù púpọ̀, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Wura wà fún. Kí wọ́n má wò ó jù lẹ́ẹ̀kan náà, apá méjì lójúmọ́ ti tó.

Bí ó bá sì jẹ́ oṣù kẹjọ ni ẹ há mọ́lé, tí ọdún Ọ̀ṣun ti kó àlejò kún ìlú, tí ẹ̀gbọ́n láti Èkó àti ọmọ ìyá láti Ìlọrin ti sùn kún pálọ̀ yín, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ síríìsì kankan. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ na ẹsẹ̀ oníPOP yín sórí àpótí, kí ẹ máa gbọ́ ti ẹnu wọn.